Ìrètí Nínú Ìgbèkùn: Ọ̀rọ̀ Nípa Bàbá Kossola, Ọmọ Bantè

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ilé àti àwọn ajìjàgbara sọ ní ọjọ́ ìrántí àwọn baba ńlá wa

Mo júbà Olódùmarè. Mo júbà àwọn òrìṣà tí wọ́n bá wa la òkun kọjá. Mo júbà àwọn tí wọ́n wọ ọkọ̀ tí wọn kò sọ̀ kalẹ̀, mo sì júbà àwọn tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ tí ojú wọn rí ohun tí ẹnu kò lè ròyìn tán.  

Ẹ mọ̀ pé àwọn kan nínú wa máa ń lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n láti bẹ àwọn ọmọ wa wò. Bí wọ́n bá dé, ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń mú bọ̀ wá sílé. Àwọn ẹlẹ́wọ̀n ní: "Ibo ni àwọn òrìṣà wà nígbà tí wọ́n ń tì mí mọ́lé?" Àwọn mìíràn kì í tilẹ̀ béèrè mọ́. Wọn a dákẹ́, wọn a kọjú sí ògiri. Àwọn ọ̀dọ́ wa wá ń bi àwa àgbà pé kí ni kí àwọn sọ.

Mo ti gbọ́ ìdáhùn oríṣiríṣi nínú ilé yìí. Ẹnìkan ní kí wọ́n sọ fún ẹlẹ́wọ̀n náà pé orí rẹ̀ ló yàn án bẹ́ẹ̀ láti ọ̀run. Ẹnìkan ní kí wọ́n sọ fún un pé kó rúbọ. Owó wo ni yóò fi rà á, inú yàrá wo ni yóò sì ti ṣe é? Ẹnìkan tún ní kí wọ́n sọ pé ìyà ló ń sọ ènìyàn di akọni. N kò fara mọ́ ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, n ó sì sọ ìdí rẹ̀. Ìtàn ọkùnrin kan ni mo fẹ́ fi sọ ọ́. Ọ̀pọ̀ nínú yín ti kà á ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí a gbọ́ ọ lónìí ní èdè tó sún mọ́ èyí tí ìyá rẹ̀ fi ń pè é.

Oluale Kossola ni orúkọ rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà wọ́n sọ ọ́ di Cudjo Lewis. Bantè ni ìlú rẹ̀, ní àárín orílẹ̀-èdè tí à ń pè ní Benin lónìí, láàárín àwọn Yorùbá tí wọ́n ń jẹ́ Ìṣà. A bí i ní nǹkan bí ọdún 1841. Bàbá rẹ̀ kì í ṣe olówó, ṣùgbọ́n bàbá bàbá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ fún ọba. Wọ́n kọ́ ọ bí a ti ń tọpa ẹsẹ̀ nínú igbó àti bí a ti ń lo ọfà, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń kọ́ gbogbo ọ̀dọ́mọkùnrin ìlú náà. Nígbà tó tó ọkùnrin, wọ́n mú un wọ agbo, ó sì gbọ́ ohùn kan tó ń bú nínú igbó, tí wọ́n ní kó lọ wá. Ẹni tó bá mọ orò mọ ohun tí mò ń wí, ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, kó dákẹ́.

Ní ọdún 1927 àti 1928, òǹkọ̀wé obìnrin aláwọ̀ dúdú kan, Zora Neale Hurston, lọ bá a nílé rẹ̀ lẹ́bàá ìlú Mobile ní Alabama, ó sì kọ ohun tó gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ sílẹ̀. Ilé ìtẹ̀wé tó fi ìwé náà lọ̀ fẹ́ kó yí ọ̀rọ̀ bàbá padà sí Gẹ̀ẹ́sì àwọn ọ̀mọ̀wé. Ó kọ̀. Nítorí èyí, ìwé tó pè ní Barracoon kò jáde títí di ọdún 2018, nígbà tí ẹni tó sọ ọ́ àti ẹni tó kọ ọ́ ti kú tipẹ́. Nínú ìwé yẹn, àti nínú iṣẹ́ ńlá tí Sylviane Diouf ṣe lórí àwọn èrò ọkọ̀ náà ní ọdún 2007, ni a ti mọ púpọ̀ nínú ohun tí n ó sọ.

Ó tó bí ọmọ ọdún 19 nígbà tí àwọn ọmọ ogun Glele, ọba Dàhòmì, wọ Bantè ní ìdájí ọjọ́ kan ní ọdún 1860. Àwọn obìnrin wà nínú ogun náà, wọ́n sì mọ ìbọn àti àdá lò. Kossola sáré lọ sí ẹnubodè kan, ó bá ọ̀tá níbẹ̀. Ó yí padà lọ sí òmíràn, wọ́n ti dúró dè é níbẹ̀ pẹ̀lú. Bí wọ́n ṣe ń dè é ni ó ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí òun padà lọ bá ìyá òun. Wọ́n ní àwọn kò ní etí fún ẹkún. Wọ́n bẹ́ ọba ìlú rẹ̀ lórí lójú rẹ̀. Ní ojú ọ̀nà, àwọn ọmọ ogun gbé orí àwọn tí wọ́n pa dání. Nígbà tí orí wọ̀nyí bẹ̀rẹ̀ sí í rùn, wọ́n dúró, wọ́n fi èéfín yan wọ́n, àwọn tí wọ́n dè sì jókòó, wọ́n ń wo orí àwọn ènìyàn wọn.

Ní ọdún 67 lẹ́yìn náà, nígbà tí bàbá dé ibí yìí nínú ìtàn, ohùn rẹ̀ dákẹ́. Hurston rí i pé kì í ṣe òun ni bàbá ń rí mọ́, pé iná yẹn ni ó ń wò. Kò sọ fún un pé kó máa bá a lọ. Ó dìde pẹ̀lẹ́, ó sì lọ sílé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé ibí yìí. N ó padà sí i.

Wọ́n kó wọn gba Abomey dé Ouidah létí òkun, wọ́n sì há wọn mọ́ inú ọgbà tí wọ́n ń kó ẹrú sí. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n lò níbẹ̀. Bàbá ní ìbànújẹ́ pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀dọ́ ni àwọn. Kò pẹ́ tí àwọn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣeré, tí àwọn ń gun ògiri ọgbà náà láti wo òkun àti ọkọ̀ tó ń kọjá. Àwọn kan tó ka ìwé náà kò fẹ́ràn ibí yìí, wọ́n ní kò yẹ kí ẹni tó wà ní ìgbèkùn máa ṣeré. Èmi rò pé ibí yìí gan-an ni ìrètí ti kọ́kọ́ yọjú. Kò sí ẹni tó wàásù fún wọn. Wọn kò mọ ibi tí wọ́n ń lọ. Ṣùgbọ́n ẹnìkan gun ògiri, ó rí nǹkan, ó sì pe ẹnìkejì pé wá wò ó. Àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní bí a ti ń sunkún, à á máa ríran.

Lẹ́yìn èyí ni William Foster dé, ọ̀gá ọkọ̀ Clotilda, ẹni tí Timothy Meaher rán láti Mobile. Nígbà yẹn ó ti tó ọdún 52 tí òfin Amẹ́ríkà ti ka kíkó ẹrú wọlé láti òkè òkun léèwọ̀. Foster mú kí wọ́n dúró ní agbo mẹ́wàá mẹ́wàá, ó wo awọ ara wọn, ó wo ẹsẹ̀ wọn, ó wo ẹnu wọn. Ẹni 110 ló kó wọnú ọkọ̀.

Kossola rí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, Keebie, nínú ọkọ̀ kékeré tó ń kó wọn lọ sínú ọkọ̀ ńlá, òun fúnra rẹ̀ sì kù díẹ̀ kí wọ́n fi í sílẹ̀ ní èbúté. Ó kígbe. Wọ́n yí padà, wọ́n sì gbé e. Mo ti ronú lórí igbe yẹn lọ́pọ̀ ìgbà. Ọmọkùnrin tí wọ́n jí gbé, tó ń kígbe pé kí wọ́n mú òun dání lọ sí ibi tí kò mọ̀! Ṣùgbọ́n ìyá kò sí mọ́, ìlú kò sí mọ́. Keebie nìkan ló kù tó mọ̀ ọ́n ní orúkọ. Bí wọ́n ṣe ń bọ́ sínú ọkọ̀ ńlá, àwọn atukọ̀ já aṣọ ilé kúrò lára wọn, wọ́n wọlé ní ìhòòhò. Ìtìjú yẹn kò kúrò lára rẹ̀ títí tó fi kú, pàápàá nítorí pé àwọn ará Amẹ́ríkà tún wá ń sọ pé ìhòòhò ni àwọn ará Áfíríkà máa ń rìn.

Ọjọ́ kẹtàlá ni wọ́n tó mú wọn gun òkè ọkọ̀. Ẹsẹ̀ wọn ti kú. Àwọn atukọ̀ ni wọ́n dì wọ́n mú tí wọ́n fi rìn. Omi mímu tí wọ́n ń fún wọn kéré, ó sì kan. Òkun ń bú bí ẹranko.

Àwọn ará wa ní Brazil mọ nǹkan kan tó yẹ kí n sọ níbí. Àwọn tí wọ́n jọ wọlé ìyàwó òrìṣà ní àkókò kan náà, barco ni wọ́n ń pè wọ́n, èyí ni pé ọkọ̀ ojú omi. Àwọn ẹrú ibẹ̀ máa ń pe ẹni tí wọ́n jọ wọ ọkọ̀ ní malungo, àwọn ti Cuba ń pè é ní carabela, ó sì dà bí ọmọ ìyá fún wọn. Ohun tí amúnisìn fi pa wá lára ni àwọn baba wa sọ di orúkọ ẹbí. Bí ẹ bá ń pe ara yín ní ọmọ ọkọ̀ kan náà nínú ilé yìí, ẹ mọ ohun tí ẹ ń pè.

Wọ́n gúnlẹ̀ sí Mobile ní oṣù Keje ọdún 1860, lóru. Foster dáná sun ọkọ̀ náà kí ẹ̀rí má bàa sí. Wọ́n fi àwọn ènìyàn pamọ́ sínú irà àti ọ̀pá esùsú, ẹ̀fọn ń jẹ wọ́n, lẹ́yìn náà ni wọ́n pín wọn láàárín àwọn tó rà wọ́n. Níbẹ̀ ni wọ́n ti sunkún bí ẹni pé wọ́n tún kó wọn ní Bantè lẹ́ẹ̀kejì, nítorí pé wọ́n ya ọmọ ọkọ̀ kúrò lára ọmọ ọkọ̀. Bàbá ní nígbà tí òun bá lá àlá ìyá òun, òun máa ń rò pé òun yóò kú sójú oorun.

Nǹkan bí ọdún márùn-ún ló fi ṣe ẹrú lọ́dọ̀ James, arákùnrin Meaher, tó ń kó igi sínú ọkọ̀ odò. Àwọn ẹrú tí a bí ní Amẹ́ríkà ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ń pè wọ́n ní ará oko. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan wà tí alábòójútó kan fẹ́ na ọ̀kan nínú àwọn obìnrin Clotilda nínú oko. Gbogbo wọn ṣù bò ó, wọ́n gba pàṣán lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì fi nà án. Ẹ̀yin ajìjàgbara, mo rí i pé ẹ ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó dára bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹrin ọdún 1865, àwọn sójà àríwá sọ fún wọn pé wọ́n ti di òmìnira. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n gbẹ́ ìlù. Wọ́n gbẹ́ ẹ, wọ́n sì lù ú gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń lù ú nílé. Nǹkan bí ọdún márùn-ún láìsí ìlù, ọwọ́ wọn kò sì gbàgbé.

Ilé ni wọ́n fẹ́ padà sí, ṣùgbọ́n owó kò tó. Wọ́n wá rán Kossola sí Timothy Meaher pé kó fún wọn ní ilẹ̀, ní ìdíwọ̀n ilẹ̀ tó gbà lọ́wọ́ wọn nílé. Meaher bínú, ó ní ṣé ó yẹ kí òun máa fún wọn ní dúkìá lórí dúkìá. Wọ́n padà, wọ́n ń jẹ búrẹ́dì pẹ̀lú oyin ìrèké kí owó lè ṣẹ́ kù, wọ́n sì ra ilẹ̀ náà. Wọ́n pè é ní African Town. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí pẹ̀lú: kò sí ẹnìkan nínú àwọn tó kó wọn wá tó ṣẹ̀wọ̀n nítorí rẹ̀. Ìdí nìyí tí n kò fi gbà kí a máa sọ fún ẹni tó wà nínú ìyà pé orí rẹ̀ ló yàn án. Ìyà Kossola ní ẹni tó fi jẹ ẹ́, wọ́n sì ní orúkọ: Glele, Foster, Meaher. Kí a má di ẹrù wọn ru orí bàbá.

Wọ́n yan olórí sí ìlú wọn tuntun. Ẹni tí wọ́n yàn ni Gumpa, ará Dàhòmì, ìbátan ọba tó kó wọn. Ọba náà ló ta Gumpa fúnra rẹ̀ pẹ̀lú. Bàbá ní àwọn kò bínú sí i, nítorí kì í ṣe òun ló ṣe àwọn ní ibi. Wọ́n sì fi ẹni méjì ṣe adájọ́. Ọ̀kan nínú wọn ni Keebie, ọ̀rẹ́ tó wà nínú ọkọ̀ kékeré ọjọ́ yẹn.

Ó kàn mí láti sọ ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, mo sì mọ̀ pé ibí ni àwọn kan yóò ti bá mi jà. Ní ọdún 1872 wọ́n kọ́ ilé ìjọsìn Baptist tiwọn, nítorí wọ́n rẹ̀ wọ́n sílẹ̀ ní ti àwọn ẹlòmíràn. Nígbà ogbó rẹ̀, Kossola ló ń tọ́jú ṣọ́ọ̀ṣì náà tó sì ń lu agogo rẹ̀. Nítorí èyí àwọn kan nínú ilé wa ní a kò gbọdọ̀ dárúkọ rẹ̀ nínú ìbà. Àwọn mìíràn, tí wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ jù, ní ó ń bọ òrìṣà ní kọ̀rọ̀. Kò sí ẹ̀rí èyí níbì kankan. Ẹ jẹ́ ká fi bàbá sílẹ̀ bó ṣe wà. Ohun tó sọ fún Hurston ni pé àwọn mọ̀ ní Áfíríkà pé Ọlọ́run wà, Alahua ni Hurston kọ orúkọ náà sílẹ̀, ṣùgbọ́n pé àwọn kò mọ̀ pé Ó ní ọmọ. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa. Kò sọ pé ohun tí wọ́n mọ̀ ní Bantè jẹ́ irọ́. Ó ní àwọn ti mọ̀ Ọ́n, wọ́n wá sọ nǹkan kún un fún àwọn. Ẹni tí wọ́n gba ìyá rẹ̀, ìlú rẹ̀, aṣọ rẹ̀ àti orúkọ rẹ̀, tí kò sì jẹ́ kí wọ́n gba Ọlọ́run bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣé irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni a ó máa bi léèrè ìwé ẹ̀rí pé ọmọ ilé ni? Níṣojú tèmi, ó yẹ kí a pè é.

Ó fẹ́ Abile, tí wọ́n jọ wọ ọkọ̀ kan náà. Wọ́n bí ọmọ mẹ́fà, ọkùnrin márùn-ún, obìnrin kan, lẹ́yìn òmìnira. Orúkọ méjì méjì ni wọ́n sọ wọ́n, ọ̀kan ti Amẹ́ríkà, ọ̀kan ti ilé. Àkọ́bí ni Aleck, Iyadjemi ni orúkọ ilé rẹ̀. Etí Yorùbá kò nílò ògbufọ̀ fún èyí: Ìyà jẹ mí. Mo rò ó pé àwa ìbá ti sọ ọmọ náà ní Ayọ̀délé, kí a lè gbàgbé. Àwọn kò gbàgbé. Wọ́n gbé ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wọn kalẹ̀ sórí ọmọ tí a bí sí òmìnira, wọ́n ń pè é lójoojúmọ́ kó wá jẹun. Èyí ni mo fi ń sọ pé ìrètí kì í ṣe kí a fi ojú fo ìyà dá. Ẹnu tó lè sọ pé ìyà jẹ mí kò tíì kú.

Gbogbo ọmọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló kú ṣáájú rẹ̀. Ọmọbìnrin wọn, Ebeossi, kú ní ọmọ ọdún 15. Igbákejì ọ̀gá ọlọ́pàá kan yin ìbọn fún èyí tó jẹ́ orúkọ bàbá rẹ̀, ní ọdún 1902. Ní ọdún kan náà ọkọ̀ ojú irin kọlu bàbá fúnra rẹ̀. Ó pe ilé iṣẹ́ náà lẹ́jọ́, ilé ẹjọ́ ní kí wọ́n san dọ́là 650 fún un, ilé ẹjọ́ tó ga jù sì yí i padà. Ọkọ̀ ojú irin tún pa Adeniah, wọ́n gbé òkú wálé láìní orí, bàbá kọ̀ kò gbà pé ọmọ òun ni. Pollee Dahoo ní kò sí ìdájọ́ òdodo ní ilẹ̀ yìí bíi ti ilẹ̀ Áfíríkà. Lọ́jọ́ kan ó ní òun ń lọ pẹja, wọn kò rí i mọ́ láéláé. Ahnonotoe ṣàìsàn, ó kú. Abile lọ ní ọdún 1908, Iyadjemi sì tẹ̀ lé e láìpẹ́.

Kí Abile tó kú, ó lá àlá àwọn ọmọ rẹ̀ lóru ọjọ́ kan, ó dìde. Kossola ṣe bí ẹni pé òun ń sùn. Ní òwúrọ̀ wọ́n lọ sí itẹ́ òkú, ó sì rí i tí aya rẹ̀ ń lọ láti orí sàréè kan dé òmíràn, tó ń fi ọwọ́ ṣe bí ẹni tó ń fi aṣọ bo ọmọ nítorí òtútù. Bẹ́ẹ̀ ni. N kò ní ọ̀rọ̀ ìtùnú kankan láti fi sí ẹ̀gbẹ́ ìtàn yẹn, ẹ má sì ṣe wá a. Ẹni tó bá ní ìyà ń sọ ènìyàn di akọni, kó lọ sọ ọ́ fún Abile níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà nípa ẹni tó yìnbọn yẹn. Nígbà tí Hurston dé, ó ti di olùṣọ́-àgùntàn ṣọ́ọ̀ṣì ńlá kan ní àdúgbò náà. Bàbá ní òun ń gbìyànjú láti dárí jì í, ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tó ti di ẹni Ọlọ́run, ó yẹ kó wá bá òun, kó sọ pé ọkàn òun ti yí padà, kó sì bẹ òun nítorí ọmọ òun. Ẹ fi èyí sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀rọ̀ Gumpa. Ẹni tí kò ṣẹ̀ ẹ́, kò di ẹrù baba rẹ̀ rù ú. Ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́, ó ń dúró de ẹ̀bẹ̀ rẹ̀. Ìgbàgbọ́ rẹ̀ kò sọ ọ́ di gọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ Hurston, nítorí òun ni ẹ̀yin tí ẹ ń lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n lè kọ́ nǹkan lára rẹ̀. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, orúkọ ilé ló fi pè é. Omijé bọ́ lójú bàbá. Ó ní kò sí ẹni tó ń pe òun ní orúkọ yẹn mọ́. Ẹ ronú rẹ̀ wò: ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún tó ti wà ní Amẹ́ríkà, ó ní ìjọ, ó ní àwọn ọmọ-ọmọ, síbẹ̀ orúkọ kan ṣoṣo ló mú un sunkún ayọ̀. Lẹ́yìn náà, obìnrin yìí kò jókòó tì í pẹ̀lú ìwé àti ìbéèrè lójoojúmọ́. Ó mú èso píìṣì wá. Ó mú ẹran ẹlẹ́dẹ̀ gbígbẹ wá, ó mú bàrà olómi wá. Ọjọ́ mìíràn wọ́n kàn jẹun ni, wọn kò sọ nǹkan kan. Ọjọ́ mìíràn ó bá a gbá ṣọ́ọ̀ṣì. Ọjọ́ mìíràn bàbá ní òun ní iṣẹ́ nínú oko, kó máa lọ, ó sì lọ. Mo sì ti sọ ọjọ́ tó dìde, tó fi í sílẹ̀ pẹ̀lú iná Dàhòmì.

Àwa mọ ọ̀rọ̀ sọ jù. A máa ń gbé ìwàásù lọ bá ẹni tó nílò kí a bi í léèrè pé kí ni ìyá rẹ ń pè ọ́. Ẹlẹ́wọ̀n tí nọ́ńbà ni wọ́n ń pè láti àárọ̀ di alẹ́, bí o bá dé tí o ń ṣàlàyé òrìṣà fún un ní wákàtí kan ṣoṣo tí wọ́n fún yín, ìwọ náà kò tíì pè é. Àti pé nígbà tó bá béèrè ibi tí àwọn òrìṣà wà, ẹ lè sọ fún un pé ìbéèrè rẹ̀ tọ́.  Ẹ má sáré dáhùn. Ẹ padà lọ ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, kí ó rí i pé ẹ padà wá.

Kí n má gbàgbé obìnrin kan. Matilda McCrear wà nínú ọkọ̀ kan náà, ọmọ ọdún méjì ni, pẹ̀lú ìyá rẹ̀. Ilà Yorùbá wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ní ọdún 1931, tó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, ó gba ọ̀nà eléruku tó tó máìlì 15 lọ sí ilé ẹjọ́ ní Selma láti béèrè owó gbà-má-bínú nítorí ohun tí wọ́n ṣe sí i. Wọ́n lé e padà. Ó kú ní ọdún 1940, a kò sì mọ ìtàn rẹ̀ dáadáa títí di ọdún 2020. Ẹ̀yin tí ẹ ń bá ìjọba jà lónìí nípa owó gbà-má-bínú, ìyá yín ti ṣáájú yín dé ẹnu ọ̀nà ilé ẹjọ́ yẹn.

Nígbà tí Hurston fẹ́ ya fọ́tò bàbá, ó wọ aṣọ rẹ̀ tó dára jù, ó sì bọ́ bàtà. Ó ní òun fẹ́ rí bí ẹni tó wà ní Áfíríkà, nítorí ibẹ̀ ni òun fẹ́ wà. Ó sì ní kí wọ́n ya òun ní itẹ́ òkú, láàárín aya òun àti àwọn ọmọ òun. Ó bẹ Hurston pé kó máa sọ ìtàn òun káàkiri, kó lè dé ilé, bóyá ẹnìkan níbẹ̀ yóò gbọ́ ọ, yóò sì ní òun mọ Kossola. Ó kú ní ọdún 1935. Wọ́n rí egungun ọkọ̀ Clotilda nínú odò Mobile, wọ́n sì kéde rẹ̀ ní ọdún 2019. Igi ọkọ̀ náà ṣì wà nínú ẹrọ̀fọ̀ níbẹ̀.

A ó da omi sílẹ̀ báyìí. Mo ti bẹ ìyá tó ń darí ìbà wa, wọ́n sì ti gbà pé kí a fi orúkọ wọ̀nyí kún àwọn tí a ń pè. Ẹni tí kò bá fẹ́ dáhùn, kó má dáhùn, a kò ní bínú. Abile. Iyadjemi. Ahnonotoe. Pollee Dahoo. Adeniah. Cudjo kékeré. Ebeossi. Keebie. Gumpa. Matilda, àti ìyá rẹ̀. Oluale Kossola, ọmọ Bantè. Àwọn tí ń lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n ní Sátidé, kí wọ́n dúró lẹ́yìn omi, a ní èso láti dì fún wọn, bí àwọn wọ́dà bá gbà á wọlé.